Ohùn Bairenga Lórí Fóònù

Erékùṣù Nonouti,
Kiribati.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Laisani, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Mo gbà á ládùúrà pé ìdúró ni lẹ́tà yìí yóò bá gbogbo yín, kò ní bá ẹnikẹ́ni lórí àìsàn. Ní tèmi, ara le, mo dúpẹ́. Oòrùn ibí ló kàn fẹ́ sọ mí di ẹja gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́, nítorí náà má foyà.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí bàálù gúnlẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un kà, inú bí mi. O ní ṣé bí màá ṣe máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn nìyí, láti Tuvalu dé Solomon, láti Solomon dé orí iyanrìn yìí, nítorí pé mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì. O ní ilé bàbá wa ní Levuka ṣófo, pé kí n wá jókòó síbẹ̀ kí n máa gbatẹ́gùn. Ẹnu rẹ mú ju abẹ lọ, láti kékeré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ti bi mí pé kí ni mo tíì rí gbà nínú iṣẹ́ yìí, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí láàárín oṣù mélòó kan tó kọjá. Tí o bá kà á tán, kí o tún wá bi mí.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tó ń jẹ́ Bairenga. Ìyàwó Beniamina ni, adẹ́mu tó máa ń gun igi àgbọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tó ń kọrin lókè níbẹ̀ títí gbogbo abúlé á fi mọ̀ pé ẹmu ń dà. Wọ́n bímọ mẹ́ta. Lọ́dọ̀ wọn ni Bàbá Kautu ń gbé, bàbá Beniamina, àgbà tó lọ́rọ̀ lẹ́nu jù lábúlé yìí. Orúnkún Bàbá ti kọṣẹ́, Bairenga ló sì máa ń fà á dìde láàárọ̀, òun ló ń yọ egungun inú ẹja rẹ̀ kúrò kó tó gbé e síwájú rẹ̀. Mo ti rí ìyàwó ilé tó mọ ìtọ́jú àgbà, ṣùgbọ́n ti Bairenga yìí, ọ̀tọ̀ ni.

Lọ́dún tó kọjá, òkun gun orí ilẹ̀, ó wọ kòtò tí ìdílé wọn ti ń gbin kókò láti ayé bàbá ńlá wọn. Omi iyọ̀ pa gbogbo kókò náà, kànga wọn sì dòbu. Báyìí ni Bairenga ṣe gbọ́ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Brisbane, ní Ọsirélíà, ń wá àwọn obìnrin tí wọn yóò wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Ó ní tí òun bá lọ, àwọn á lè kọ́lé síbi tí ilẹ̀ ti ga, àwọn á sì ra táńkì tó ń gba omi òjò. Ohun kan ṣoṣo ló kù: obìnrin kan láti ilé náà, Mísíìsì Prentice, yóò pè é lórí fóònù, yóò bi í ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì. Tí obìnrin náà bá ní ó dáa, ó dáa. Tí ó bá ní kò dáa, ó parí.

Mo kọ́ Bairenga tọkàntọkàn. Orí rẹ̀ jí pépé. Ìtìjú ló kàn ń dà á láàmú, nítorí pé níbí, tí o bá ṣi ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì níta, wọ́n á ti sọ ọ́ di ẹni tó ń gbéra ga. Bó bá ń lọ sí etí ọ̀sà, àwọn obìnrin á máa ké sí i pé, “Ìyáàfin òyìnbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi Gẹ̀ẹ́sì pe ẹja yìí kó jáde lómi!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ ìpè pé. Bairenga wọ ọ́fíìsì káńsù lóun nìkan, ó jáde, ẹ̀rín ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní, “Báwo ló ṣe lọ?” Ó ní, “Tíṣà, mo dáhùn gbogbo rẹ̀.” Mo dì mọ́ ọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àfi bí èsì ṣe dé láti Brisbane pé Bairenga kò dáhùn ìbéèrè kankan. Wọ́n ní bóyá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n ní àwọn á tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn náà ni ìgbẹ̀yìn. Laisani, o mọ bí mo ṣe ń rí tí inú bá bí mi. Mo sọ̀rọ̀ sí Mísíìsì Prentice láti ibí títí dé Brisbane. Mo ní irọ́ ló ń pa, mo ní àwọ̀ wa ni kò fẹ́. Bairenga kàn jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún, kò dá èmi lẹ́bi, kò dá obìnrin náà lẹ́bi.

Nígbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀, mo rántí pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo pe Bairenga, mo ní, “Jókòó síwájú mi. Èmi ni Mísíìsì Prentice. Ṣe bó o ṣe ṣe é gan-an.” Mo bi í bóyá ó ti tọ́jú arúgbó rí. Ó wò mí lójú, ó gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì sókè. Mo bọ́ sórí ìbéèrè kejì. Mo bi í bóyá ó lè fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó tún gbé ìpéǹpéjú sókè. Mo tẹ̀ síwájú, inú mi ń dùn pé akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dáhùn dáadáa! Ó ṣe díẹ̀ kí n tó ta gìrì. Mo pariwo, “Yéè! Bairenga, ẹnu rẹ dà?” Ó yà á lẹ́nu. Ó ní, “Tíṣà, mo ti dá yín lóhùn.”

Ìwọ náà rò ó wò, àbí gbígbé ìpéǹpéjú sókè kọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni ní Levuka? Ta ni nínú wa tó máa ń ṣi ẹnu sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí ìpéǹpéjú wà? Ẹni tó bá ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni lójú àgbà, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ohun tí Bairenga mọ̀ nípa ọmọlúwàbí ló fi dá obìnrin náà lóhùn. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n fóònù kò lójú. Obìnrin náà kàn ń pe “Hẹ́lò, hẹ́lò” ní Brisbane, Bairenga ń fi ọ̀wọ̀ gbé ìpéǹpéjú sókè níbí, ó ń wò ó pé kí ni obìnrin yìí ń pe hẹ́lò sí.

Mo wá ọgbọ́n dá. Mo kó gbogbo kíláàsì lọ sí maneaba, gbọ̀ngàn ńlá tí abúlé ti ń pàdé, mo ní kí wọ́n jókòó ní méjì-méjì, kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Mo rò pé tẹ́nì kan ò bá rí ojú ẹnì kejì, ohùn á jáde ní tipátipá. Ó sì ń jáde! Ibẹ̀ la wà tí Bàbá Kautu fi wọlé, tó lọ jókòó sí ìdí òpó tí í ṣe ti ìdílé wọn. Ẹ̀yìn ta ló kọjú sí i? Ẹ̀yìn Bairenga, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Bàbá wo ẹ̀yìn náà títí, ó wá ní, “Ṣé èmi ni ẹ ń kẹ̀yìn sí nínú ilé tí bàbá mi kú sí? Tíṣà, ṣé Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn?” Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àgbà ti ní kí kíláàsì má ṣe dé maneaba mọ́. Bairenga ní òun kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́, kí òkun kúkú gbé àwọn lọ.

Mo ra tábà tó dára, mo gbé e lọ bẹ Bàbá. Ó gba tábà náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní tábà gidi ni, ó dúpẹ́. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ṣì wà níbi tó wà. Mo padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ìgbà yẹn ni mo ronú lórí ilé wa ní Levuka, kí n má parọ́ fún ọ. Mo ní bóyá Laisani mọ ohun tó ń sọ.

Bairenga ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. O rántí bubuti tí mo sọ fún ọ nígbà kan, ẹ̀bẹ̀ tí ẹni tí a bẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ̀, bó ti wù kó le tó? Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ojú á tì í títí ayé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Bairenga ti fún Bàbá lóúnjẹ, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ní, “Bàbá, bubuti ni mo mú wá. Mi ò ní kẹ̀yìn sí yín mọ́ láéláé. Ẹ jẹ́ ká so ẹní kọ́ sí maneaba, kí ẹ jókòó lápá kan, kí n jókòó lápá kejì, kí n kọjú sí yín, kí ẹ máa bi mí ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi.” Beniamina ní ẹnu Bàbá là sílẹ̀. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ yìí ti fi ìwọ̀ mú mi bí ẹja!” Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí àwọn àgbà jẹ́ ká padà sí maneaba. Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun.

Bàbá Kautu gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, ìyẹn ni ẹ̀yin ò mọ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọkọ̀ ojú omi àwọn Jámánì ló bá ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń pàṣẹ níbẹ̀, kò sí èbúté tí kò dé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ọkọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi Bairenga láti ẹ̀yìn ẹní ni pé, “Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, tìrẹ dà?” Bairenga ní, “Bàbá, àwọn arúgbó ni mo fẹ́ lọ tọ́jú, kì í ṣe ọkọ̀.” Bàbá ní, “Arúgbó wo ni kò lè ṣubú sómi? Dáhùn!” Gbogbo maneaba ń wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Tí Bairenga bá tún gbàgbé, tó gbé ìpéǹpéjú sókè, Bàbá á máa fi ọ̀pá lu ilẹ̀, á ní, “Ṣé o ti rì ni? Mi ò rí ọ. Ohùn rẹ ni kí o fún mi!” Ohùn náà á sì jáde. Lójoojúmọ́ ló ń le sí i. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ létí ọ̀sà gan-an wá ń tò sẹ́yìn ẹní, wọ́n ń bẹ Bàbá pé kó bi àwọn náà.

Ọjọ́ ìpè kejì dé. Bàbá ní òun gbọ́dọ̀ lọ. A gbé e lọ sí ọ́fíìsì káńsù lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó àgbọn, a gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ fèrèsé. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nítorí pé fóònù náà kò gbóhùn dáadáa, akọ̀wé tan ohùn rẹ̀ síta, gbogbo wa ń gbọ́. Mísíìsì Prentice bi í bóyá ó ti tọ́jú arúgbó rí. Bairenga ní, “Bẹ́ẹ̀ ni!” Ó pariwo rẹ̀ tó fi jẹ́ pé adìẹ tó wà lọ́nà sá lọ. Ó bi í bóyá ẹ̀rù iṣẹ́ òru ń bà á, ó ní rárá. Ó bi í pé tí arúgbó kan bá kọ oúnjẹ ńkọ́, ó ní òun á jókòó tì í, òun náà á kọ́kọ́ jẹ díẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ dá jẹun. Mo ń gbọ́, mo ń fi aṣọ nu ojú. Mo rò pé ó ti parí.

Obìnrin náà wá ní ó ku ẹyọ kan. Ó ní, “Bairenga, àwọn arúgbó ilé tìrẹ ńkọ́? Ta ni yóò máa tọ́jú wọn nígbà tí o bá ń tọ́jú tiwa?” Bairenga la ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló tán. Ìyàwó ilé kì í jókòó síbi tí bàbá ọkọ rẹ̀ ti ń gbọ́, kó máa ro àìlera rẹ̀ fún àjèjì. Ó wo fèrèsé, ó wo ilẹ̀. Fóònù ní, “Hẹ́lò?” Mo fẹ́ pariwo, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Ìgbà náà ni Bàbá Kautu sọ̀rọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní èdè wọn, jẹ́jẹ́. Ó ní, “Bairenga, mo ti di etí mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Sọ òótọ́ fún obìnrin náà.” Mo yọjú wò ó. Àgbàlagbà náà ti ki ìka sí etí méjèèjì bí ọmọ kékeré.

Bairenga bá sọ ọ́. Ó ní, “Bàbá ọkọ mi wà nílé. Ó ti darúgbó, orúnkún rẹ̀ kò gbé e. Èmi ni mo máa ń fà á dìde. Ọkọ mi ti ń kọ́ bí òun náà á ṣe máa fà á dìde. Ọmọbìnrin mi ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ egungun ẹja rẹ̀. Ebi ò ní pa á. Ṣùgbọ́n ó lè kú kí n tó dé. Mo mọ̀, òun náà mọ̀. Òun ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ tí mò ń bá yín sọ yìí, kí n lè lọ.” Mo tún yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìka Bàbá ṣì wà ní etí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń ṣàn wọ irùngbọ̀n. Obìnrin náà ní, “O ṣeun, Bairenga. A ó máa retí rẹ.”

Bairenga jáde, ó kúnlẹ̀ ti Bàbá. Bàbá yọ ìka kúrò létí. Ó ní, “Kí lo sọ fún un?” Bairenga ní, “Mi ò sọ nǹkan kan, Bàbá.” Bàbá ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ó na ọwọ́ sí i pé kó fa òun dìde.

Ohun tí mo rí gbà nìyẹn, Laisani. Bairenga ti bá bàálù lọ. Èmi ń bọ̀ wá kí yín nígbà Kérésìmesì, kí o bá mi ṣí fèrèsé ilé bàbá wa kí atẹ́gùn wọlé, ṣùgbọ́n má ṣe tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó máa pẹ́ fún mi. Kíláàsì mi kún báyìí, àwọn mìíràn ń jókòó síta.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ilé rẹ. Ọkọ̀ tí ọkọ rẹ ń wọ̀ kò ní dojú dé. Àwọn ọmọ rẹ yóò rí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn wọn níbikíbi tí wọ́n bá dé, ìwọ náà yóò darúgbó, wọn yóò rí ọ tọ́jú. Kí ara ó máa le títí a ó fi fojú kanra.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu,
Unaisi.

Mo tún rántí: Bairenga pe ọ́fíìsì káńsù lánàá. Ó ní màmá arúgbó tí wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú òun kì í rántí ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ló máa ń bi í pé, “Ta ni ìwọ?” Láràárọ̀ ni Bairenga máa ń jókòó tì í, tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, orúkọ ọkọ rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ, títí dé ti Bàbá. Mo lọ sọ fún Bàbá. Ó ní kí n bi Bairenga bóyá ó ń sọ ọ́ sókè dáadáa.